Ta Ló Kọ Mí sí Ọ̀nà Dáyámọ́ǹdì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Kìn-ín-ní, 2026

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá:

Orúnkún mi ọ̀tún.

Afẹ́fẹ́ orí òkè, tí wọ́n ní ó fúyẹ́ débi pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Bíi wákàtí mẹ́rìndínlógún nínú bọ́ọ̀sì, àti ibi tí mo máa ti máa tọ̀.

Bóyá mo ti pa iná ìdáná. Mo dìde lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti pa á.

Ta ló ń pinnu pé ọ̀nà kan lórí òkè rọrùn, òmíràn sì le? Kí ló fi wọ̀n ọ́n?

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló pẹ́ jù lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Àìkú, Àpọ́sítélì Ládélé kéde pé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa lọ sí òkè kan ní Colorado nígbà ìsinmi ilé-ìwé oṣù Kẹta, láti gbàdúrà, àti láti kọ́ ski, yíyọ̀ lórí yìnyín pẹ̀lú pákó gígùn lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó ní àgbà mẹ́fà gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lókè. Mo wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. N kò tíì sọ fún Doyin.

Ọjọ́bọ̀, 29

Mo sọ fún Doyin ọmọ mi nígbà tó dé láti ọsibítù. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà ní ìdúró.

“Daddy, ẹ̀yin? Ski?”

“Àwọn àgbà ń bá wọn lọ ni.”

“Mi ò ní kí ẹ má bá wọn lọ. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń mu kòkó gbígbóná. Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ máa wò wọ́n látojú fèrèsé.”

“Mo ti wo ti ọdún tó kọjá látojú fèrèsé.”

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí yìnyín bọ́ ní Sugar Land wa yìí, lẹ́bàá Houston, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún tó kọjá, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní ìbàdí àgbàlagbà tó bá ṣẹ́ kì í tètè jinná. Fìyìn ọmọ rẹ̀ ń ju yìnyín lu ògiri aládùúgbò, èmi gbé ọwọ́ lé gíláàsì. Òtútù gíláàsì nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tó fi máa ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ti di omi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń ka òjò dídì nínú Bíbélì, n kò tíì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó fọ abọ́ tán, ó ní, “Ó dáa. Tí mo bá fojú ara mi rí i ní kíkọ, látọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀, pé ibi tó rọrùn jù lọ ni wọ́n fi yín sí, ẹ lè jáde síta. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fèrèsé ni o.”

Ọmọ tí mo bí ló ń fún mi láyè. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀, ó sì bí mi nínú díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31

Fìyìn tẹ àwòrán òkè náà jáde fún mi ní yunifásítì rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin, ó fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Òkè náà dà bí orí obìnrin tó dirun ṣùkú. Láti àtàrí ni gbogbo ọ̀nà ti ń bọ̀, ní ìlà ìlà, àwọn igi sì ni irun tó wà láàárín wọn. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti àmì: òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé, onígun mẹ́rin búlúù, dáyámọ́ǹdì dúdú kan, dáyámọ́ǹdì dúdú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Mo fi gíláàsì ojú yẹ gbogbo rẹ̀ wò, n kò rí pupa níbì kankan. Inú mi dùn. Ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣe ọdún méjìlélógún ní Pasadena tí kò jìnnà síbí, èmi ni mò ń so táàgì mọ́ scaffold, àwọn irin tí òṣìṣẹ́ ń gùn ṣiṣẹ́ lókè. Táàgì aláwọ̀ ewé, kí òṣìṣẹ́ máa gùn ún. Yẹ́lò, kó so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Pupa, kó má fẹsẹ̀ kàn án. Òkè tí kò ní pupa, ṣebí òkè gbogbo ayé ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Fìyìn.

“Grandpa, no. Black yẹn ni red yẹn.”

“Kí ló dé tí wọn ò fi pupa sí i?”

“I don’t know. Ẹ bi wọ́n.”

Mo máa bi wọ́n. Ọ̀nà aláwọ̀ ewé kan ń jẹ́ Òòrẹ̀ Tó Ń Tòògbé. Dúdú kan ń jẹ́ Opó. Opó ta ni?

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kejì

Òjò látàárọ̀. Owó ẹyin ti wálẹ̀ díẹ̀ lọ́jà. Orúnkún mi ti mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mo pe òkè náà. Obìnrin kan ló gbé fóònù. Mo bi í pé ta ló ń fọwọ́ sí àmì ara ọ̀nà. Ní Pasadena, orúkọ ẹni tó yẹ scaffold wò àti ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ wà lára táàgì. Táàgì tí kò ní orúkọ, páálí lásán ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ń gbé fóònù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ní àwọn ará òkè náà fúnra wọn ló ń fi àmì sí i. Wọ́n á wo bó ṣe dagẹ̀rẹ́ tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bóyá igi tàbí òkúta wà lójú ọ̀nà, bóyá ẹ̀rọ máa ń tẹ́ yìnyín rẹ̀ pẹrẹsẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ní ṣé òbìrìkìtì tiwọn àti ti òkè mìíràn jẹ́ ọ̀kan náà? Ó ní rárá. Àwọn ọ̀nà orí òkè kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi wé ara wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ ewé níbì kan lè di búlúù níbòmíràn. Ó tún ní ọ̀nà tó rọrùn lọ́sàn-án lè le láàárọ̀, tí yìnyín rẹ̀ bá dì gbagidi.

Èyí ni pé kò sí ẹni tó lè ní “ẹni búlúù ni mí” kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Àfi kó sọ búlúù ti ibo, àti ti aago mélòó. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti dùn mọ́ mi tó báyìí.

Mo gbàgbé láti béèrè nípa Opó. Èyí tí mo rántí béèrè ni pé báwo ni aláwọ̀ ewé tiwọn ṣe dagẹ̀rẹ́ tó. Ó ní tí ènìyàn bá rìn síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ilẹ̀ ò ní wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Ọjọ́ Ajé, 9

Kò sí òkè ní Houston. Láti 1994 ni mo ti ń gbé agbègbè yìí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ó. Ibi tó ga jù tí mo mọ̀ ni orí afárá freeway, ta ló sì máa jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀? Mo mú igi ìwọ̀n olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò, mo wakọ̀ lọ sí Uptown, sí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà mẹ́fà kan tí kò jìnnà sí Galleria. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà gun òkè níbẹ̀ dagẹ̀rẹ́ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ mò ń wọ̀n ọ́n nígbà tí sikiọ́ríti kan yọ sí mi.

“Sir, you can’t…” Ó wo ojú mi. “Ẹ káàárọ̀ sir. Yorùbá ni yín.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Baba, òyìnbó wo ló máa dé fìlà kó wá kúnlẹ̀ máa wọn ilẹ̀ garage?”

Taofeek lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí. Oṣù kẹjọ rẹ̀ nìyí ní Amẹ́ríkà, ó ń kàwé lọ́wọ́ alẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìwọ̀n mi fi hàn pé nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ilẹ̀ garage náà wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

“Ìlọ́po méjì èyí ni aláwọ̀ ewé tiwọn lè tó,” mo ní.

“Ah! Wahala dey o. Kí ni wọ́n wá ń pe èyí tó le?”

“Opó.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ó bá mi rìn sọ̀kalẹ̀. Orúnkún mi ń ké. Ó ní kí n má sọ̀kalẹ̀ tààrà mọ́. “Àwọn màlúù tó ń jẹ̀ lórí òkè lọ́dọ̀ wa, wọn kì í sọ̀kalẹ̀ gbọnrangandan, Baba. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ yìí lọ, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ yẹn bọ̀.” Mo ṣe bíi màlúù. Orúnkún dákẹ́! Ilẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ara mi ò mọ̀ pé òun ni. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

“Ó tó báyìí, Baba. Camera wà lókè. Ọ̀gá mi ò mọ màlúù.”

Ọjọ́rú, 11

Mo ra ìbọ̀wọ́ òtútù níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, dọ́là mẹ́rin. Ọwọ́ ọ̀tún ni méjèèjì. Ilé ni mo ti mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń lọ mọ́ ògiri lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú ipele tí kálukú máa wà. Mo fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, mo ń wá orúkọ mi nísàlẹ̀, láàárín àwọn tí kò wọ ski rí. Kò sí níbẹ̀. Mo ń lọ sókè. Mo tún ń lọ sókè. Ní orí ìwé pátápátá, Àpọ́sítélì Ládélé: Expert, dáyámọ́ǹdì méjì. Èmi, tí oyè mi nínú ìjọ jẹ́ Lídà, wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: Advanced, dáyámọ́ǹdì kan. Màmá Wòlíì tó ń fi ọ̀pá rìn: dáyámọ́ǹdì. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí mò ń wá ara mi sí: Tófúnmi, ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Denver, tó ti ń ski láti ọmọ ọdún márùn-ún.

Akọ̀wé wa ni Ọlámipọ̀sí, tó dé láti Èkó ní oṣù Kẹjọ láti wá kàwé. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ọlámipọ̀sí, ta ló kọ mí sí ọ̀nà dáyámọ́ǹdì?”

“Èmi ni sir.”

“Ṣé o mọ ohun tó jẹ́?”

“Mo mọ̀ ọ́n sir. Ọ̀nà tó le ni.”

“Kí ló wá dé?”

Ó wolẹ̀. “Daddy, fọ́ọ̀mù yẹn ní kí n tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Ṣé kí n wá kọ Àpọ́sítélì sábẹ́ Tófúnmi ni? Wọn ò tíì fòróró yan Tófúnmi. Mo kàn mú ìwé ipò ìjọ, mo fi tò ó. Tí mo bá kọ ‘alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀’ síwájú orúkọ àgbà, wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Ẹ má bínú sir.”

Ká ní èmi ni, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ṣe.

“Bá mi yí tèmi padà.”

“Àpọ́sítélì ti fọwọ́ sí i sir. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.”

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ni òkè náà ń gba orúkọ mọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Ẹnìkan ya ìwé náà sórí WhatsApp ìjọ. Doyin pè mí láti ibi iṣẹ́.

“Daddy, black diamond?”

“Àṣìṣe ni.”

“Mo ní aláìsàn kan níbí nísinsìnyí, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni o. Black diamond ni.”

“Wọ́n máa tún un ṣe.”

“Kí wọ́n tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé. Tí wọn ò bá tún un ṣe, ẹ ò lọ mọ́ rárá. Fèrèsé gan-an, mo ti gbà á padà.”

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo lọ bá Ládélé nílé rẹ̀ ní Missouri City, nítòsí wa. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, ó sì ń jẹ́ kí n rántí.

“Bàbá Doyin, ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ kí wọ́n rẹ̀ ọ́ sílẹ̀?”

“Àpọ́sítélì, ẹ̀yin náà ò wọ ski rí.”

“Mósè ò gun Sínáì rí kó tó gùn ún.”

“Ẹsẹ̀ ni Mósè fi rìn sọ̀kalẹ̀.”

“Ṣé o wà níbẹ̀ ni?” Ó bu ìpékeré sẹ́nu. “Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ìjọ? Pé wọ́n kó mi pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, pé wọ́n ń fi okùn fà mí?”

“Kí wọ́n so okùn yẹn dáadáa o!” ni ìyàwó rẹ̀ pariwo láti kíṣìnì.

Ládélé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ipele rẹ̀, kó dìde sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ, kí wọ́n má baà sọ pé òun Ládélé ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ rí láìkọ ọ́ sínú ìwé. Wàhálà ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí mo dìde tán ni mo rántí pé gíláàsì ojú mi wà nínú ọkọ̀. Lẹ́tà ń jó lójú mi. Mo ká ìwé náà sọ́wọ́.

“Ẹ̀yin ará,” mo ní, “n kò wọ ski rí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹ kọ mí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé. Tí ibì kan bá tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ mí sí.”

Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo ti ba ara mi jẹ́. Ìgbà yẹn ni Màmá Wòlíì fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

“Ọlámipọ̀sí, kọ èmi náà tẹ̀lé wọn! Ta ló ní kí o gbé mi gun dáyámọ́ǹdì? Ṣé o fẹ́ jogún mi ni?”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà mẹ́ta yòókù na ọwọ́ sókè kí ẹ̀rín tó tán. Ọlámipọ̀sí ń kọ̀wé bí ẹni tó rí òjò tó ṣú. Tófúnmi náà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Please, ṣé mo lè lọ síbi black yẹn báyìí?”

Ládélé fi àdúrà kúkúrú kádìí ìpàdé. Ládélé, àdúrà kúkúrú! Ojú tì mí nítorí rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe fún un.

Ọjọ́rú, 25

Ooru ti dé, ó ju ọgọ́rin lọ lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Ọkọ̀ Ládélé dúró níwájú ilé wa láago mẹ́wàá, kò sọ̀kalẹ̀.

“Wọ́n ní o ti rí ibi tí o ti ń kọ́ ọ.”

Mo wọnú ọkọ̀ rẹ̀, a lọ sí Uptown. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ màlúù fún un. Ó ní òun kì í ṣe màlúù. Ó kọjú sí ìsàlẹ̀ tààrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára jù ú lọ, agbádá gba afẹ́fẹ́, Taofeek ló sáré gbá a mú kó tó kan òpó. A mú un jókòó sórí ìdábùú sìmẹ́ńtì.

“Bàbá Doyin, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Mò ń gbọ́ sir.”

“Àwọn Expert yìí, ṣé àwọn náà ń yọ̀ ni?”

“Kí lẹ rò pé wọ́n ń ṣe?”

“Mo rò pé wọ́n máa gbé àga fún wọn ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba nílé, n kò rí ibi tí Expert ti fọwọ́ kan nǹkan rí. Á jókòó, á máa wo àwọn tó ń ṣe é.”

Taofeek kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi ò lè pa á mọ́ra, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, Ládélé náà bẹ̀rẹ̀.

“Kí ọmọ yẹn yí orúkọ mi padà,” ó ní. “Àmọ́ n kò ní í wà lábẹ́ rẹ o.”

“Kò sí abẹ́ mi, Àpọ́sítélì. Ilẹ̀ ló kù.”

Ó ṣe bíi màlúù lẹ́ẹ̀mejì kí a tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹta

Orúkọ ti lọ. Ọlámipọ̀sí fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ àwa àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìlà kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa wà lókè ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà lọ́gbọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Ìwé dé láti òkè náà. Doyin kà á bó ṣe máa ń ka ara ìgò òògùn, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìka. Orúkọ mi. Kò wọ ski rí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀nà Òòrẹ̀ Tó Ń Tòògbé ní ọjọ́ kejì, tí olùkọ́ bá gbà, lẹ́yìn aago mọ́kànlá, nígbà tí yìnyín bá ti rọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ aago yẹn sí i.

“Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?”

“Ṣíṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni. Kíláàsì àkọ́kọ́ nìyẹn.”

“Wọ́n ń ṣubú ní kíláàsì?”

“Ogójì ìṣẹ́jú gbáko.”

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ síbi ẹni tí wọ́n máa pè, ó fọwọ́ sí i. Ó wọ yàrá, ó jáde pẹ̀lú bàńdéèjì orúnkún àti ìbọ̀wọ́ tuntun, ọ̀tún kan, òsì kan.

“Ẹ mu omi dáadáa níbẹ̀ o, Daddy. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Tí orí bá ń fọ́ yín, ẹ sọ. Ẹ má ṣe ọkùnrin.”

Mo ní mo gbọ́.

Ohun tó kù tí mò ń rò: àwakọ̀, bóyá á tòògbé. Ilé ìtọ̀ lọ́nà. Aago tí Amẹ́ríkà máa ń sún síwájú ní wákàtí kan lọ́dọọdún, tó bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú yìí, kí bọ́ọ̀sì má lọ fi mí sílẹ̀. Mo ti sún tèmi síwájú lónìí, mo sì ti pẹ́ ní wákàtí kan sí oúnjẹ alẹ́, lójú aago tèmi nìkan. Àpótí mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Níwájú ilé ìjọ ni bọ́ọ̀sì ti máa gbéra, láago mẹ́rin ìdájí. Doyin ló máa gbé mi débẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ni mò ń lọ.